Èsì: Òkúta tẹ́ ẹ hú lóko yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkúta dídán tẹ́ ẹ ní ẹ hú níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ ebè l'Ómù-Àrán, tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá ẹdùn àrá ni àbí àáké: orí àáké ni, ìyẹn tí ẹnu ẹ̀ bá mú lápá kan tí ara ẹ̀ sì jọ ohun tí wọ́n lọ̀. Òkúta odò lásán kì í lẹ́nu.

Àwọn bàbá wa ní Ṣàngó ló jù ú, mi ò bá wọn jà o, àmọ́ èèyàn ló fi òkúta lọ òkúta títí tó fi mú.

Àáké òkúta tó pẹ́ jù láyé ò tiẹ̀ ní ẹ̀rú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í mú, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọdún. Ọkùnrin tí wọ́n rí nínú yìnyín lórí òkè Alps ní Yúróòpù ní 1991, tó ti kú láti bí 5,300 ọdún, bàbà ni orí àáké tiẹ̀, ẹ̀rú ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀! Lẹ́yìn bàbà ni idẹ, kó tó wá kan irin.

Àáké alágbẹ̀dẹ tiwa ńkọ́, irin ló gba inú igi kọjá, bẹ́ ẹ ṣe ń gbá a ló ń wọlé sí i, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rú ẹ̀ fi máa ń sán. Èyí tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba báyìí, igi ló gba inú irin.

Ẹ má pọ́n ọn o, ẹ gbé e lọ mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́, kò jìnnà sí yín.