Ṣé kí n dúró kí gáàsì wálẹ̀?

Ìbéèrè: Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú, gáàsì ni mo fi ń yọ́ àbẹ́là. Mo gbọ́ lórí rédíò pé epo rọ̀bì máa pọ̀ lágbàáyé, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀wọ́n ló ń bọ̀. Ṣé kí n dúró, àbí kí n rọ sìlíńdà ńlá méjì báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ má dúró. Ẹ rọ èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ yín máa gbà, kí ẹ má sì kó owó ọjà sínú gáàsì.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka àwọn àsọtẹ́lẹ̀ wọ̀nyí. Àwọn tó ń ṣe é á ṣírò ohun tí kànga epo tó wà ṣì lè mú wá, torí kànga a máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi tuntun kún un, kí wọ́n tó wo ẹni tó máa lo epo náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pínyà. Ní 2024, IEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ní Párísì, sọ pé ìlò epo máa dúró sí nǹkan bí mílíọ̀nù 106 àgbá lójúmọ́ tó bá fi di 2030, nítorí mọ́tò oníná. Lọ́dún yẹn kan náà, OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo, ní ó máa tó mílíọ̀nù 120 tó bá di 2050, nítorí èrò tó ń pọ̀ ní Íńdíà àti Áfíríkà. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ohun tí kálukú gbà pé ó máa ṣẹlẹ̀ ló yàtọ̀.

Ayé sì lè da ìṣirò rú. Ní 1956, Hubbert, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ pé epo tí Amẹ́ríkà ń fà jáde máa dé góńgó ní nǹkan bí 1970, kó tó máa dín kù, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá mọ bí a ṣe ń fọ́ àpáta láti fa epo inú rẹ̀, wọ́n kọjá góńgó yẹn. Ní oṣù Kẹrin 2020, àsìkò kòrónà, owó epo wọn já wá sí ìsàlẹ̀ òdo, torí kò síbi tí wọ́n máa kó o sí.

Èyí tó kàn yín jù ni dọ́là, torí òun ni wọ́n fi ń díye lé gáàsì. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e ní oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Owó àgbá epo kò yí tó bẹ́ẹ̀ rárá ní gbogbo àkókò yẹn.

Bí owó díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, àbẹ́là ni kí ẹ fi rà. Inú epo rọ̀bì lòun náà ti ń wá, kì í bàjẹ́, kò sì léwu nínú ilé tó sìlíńdà tí ẹ tò jọ. Bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ aṣọ ẹbí wá, ẹ yọ owó gáàsì rẹ̀ nínú àsansílẹ̀, kí ẹ rọ ọ́ lọ́jọ́ náà.