Gba sáìnì kí o tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston, wọ́n fi iṣẹ́ títo àga, gírìlì (ààrò tí wọ́n fi ń sun ẹran) àti kẹ̀kẹ́ tó wá ní ẹyọ-ẹyọ nínú páálí pọ̀, nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, lọ̀ ọ́, o sì fẹ́ mọ irinṣẹ́ tí wàá kọ́kọ́ rà, àti bóyá kí o fi iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Màá dé orí irinṣẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù.

Iye páálí tí o bá tò ni wọ́n máa sanwó lé lórí, wọn kì í ka wákàtí. Alárinà kan ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń pín in fún wa. Kó tó sanwó, máníjà ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé pé o to iye báyìí. Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Oṣù April 2022 ni, ìgbà tí gbogbo èèyàn ń ra gírìlì. Mo wa ọkọ̀ máìlì 41 lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lápá Katy, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ àti Sátidé ni mo fi to gírìlì 38. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lọ lásán, mo ń dúró de ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó máa fi forklift (ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè) sọ páálí kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì san kọ́bọ̀ fún ìdúró yẹn. Má fọwọ́ kan forklift wọn láé, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ọ́ tó. Bí nǹkan bá bàjẹ́, orí rẹ ni wọ́n máa gbé e kà. Nígbà tí mo parí lálẹ́ Sátidé, máníjà tó pè mí ti lọ sílé. Igbákejì rẹ̀ ní òun ò lè buwọ́ lu ohun tí kò ṣojú òun, kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Ó ti rẹ̀ mí, ìka ọwọ́ mi ti wú, mo gbà.

Kí n tó dé ní Mọ́ńdè, wọ́n ti ta 17 nínú àwọn gírìlì náà! Máníjà ka èyí tó kù nílẹ̀, ó ní 21 ni òun rí, 21 ni òun máa kọ. Mo ní kó wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó wo iye tí wọ́n tà láti Sátidé. Ó ní ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ òun. Mo pe alárinà, wọ́n ní ohun tí kò bá sí lórí ìwé, kò sí owó rẹ̀. Bí owó gírìlì 17 ṣe wọlẹ̀ nìyẹn, èmi tí mo ti jó epo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó ya páálí kan, mo máa ń béèrè ẹni tó máa buwọ́ lù ú àti aago tó ń lọ sílé. Gbogbo ohun tí mo bá tò ni mo ń ya fọ́tò rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Bí síkúrúù bá sọnù nínú páálí, bíi ti kẹ̀kẹ́, kọ ọ́ sórí ìwé. Máníjà á ní kí o yọ ọ́ nínú páálí mìíràn fi dí i. Má gbà. Orúkọ rẹ ló wà lára kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ tí bíréèkì rẹ̀ bá já.

Owó orí ńkọ́? Fọ́ọ̀mù W-9, ti ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ni wọ́n máa fún ọ kí o kọ ọ̀rọ̀ sí, kì í ṣe W-4, ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà, bíi ti ilé ìkẹ́rùsí. Ìyẹn ni pé wọn ò ní yọ nǹkan kan nínú owó rẹ, ìwọ ni wàá san án fúnra rẹ. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ owó orí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Texas kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ń gbà! 15.3% ni ti Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ìtọ́jú ìlera àgbàlagbà) nìkan, kí wọ́n tó kan owó orí gan-an. Ó gba 250 dọ́là lọ́wọ́ mi, kò sì sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ló yẹ kí n máa san án: ọjọ́ 15 oṣù April, June, September àti January. Nígbà tí ìwé ìjọba dé, ó lé ní 5,000 dọ́là pẹ̀lú owó ìtanràn. Oṣù méjì ni mi ò fi sùn dáadáa. Mi ò sì kọ máìlì tí mo wà sílẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2025, sẹ́ǹtì 70 ni wọ́n gbà kí èèyàn yọ lórí máìlì kan kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé. Ra ìwé kékeré, kó máa wà nínú ọkọ̀.

Àní, bí o bá ń to dúrọ̀ọ̀ aṣọ, má ju okùn tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ògiri nù. Ọmọdé ni dúrọ̀ọ̀ ń wó pa. Tìtorí wọn ni wọ́n ṣe òfin STURDY, òfin Amẹ́ríkà tó ní kí dúrọ̀ọ̀ má ṣe máa wó.

Irinṣẹ́: dírílù oníbátìrì kékeré, bátìrì méjì, Allen key (irin onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń fún síkúrúù) tó ń wọ ẹnu dírílù, sọ́kẹ́ẹ̀tì, òòlù onírọ́bà, ọ̀bẹ. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀ ṣe kò fẹ́ agbára, ọwọ́ ni kí o fi fún síkúrúù tó gbẹ̀yìn.

Má tíì fi iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀. Sátidé ni kí o fi dán èyí wò títí wọ́n á fi sanwó fún ọ lẹ́ẹ̀mejì. February sí May, iṣẹ́ pọ̀. January kan wà tí ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo rí ṣe.