Ẹsẹ̀ Wọn Ṣì Ń Dún Létí Mi

Ní oṣù tó kọjá, ìlà kan ṣoṣo ni mo fi dárúkọ Fred Astaire, oníjó inú fíìmù Amẹ́ríkà, lójú ewé yìí, ni lẹ́tà bá ń ya wọlé bí omi. Mo ti rò pé èmi nìkan ló kù tó ṣì ń fi òru wo àwọn fíìmù olórin Hollywood àtijọ́, àwọn tí oníjó ti ń fi bàtà onírin lu ilẹ̀ bí onílù, ijó tí wọ́n ń pè ní táàpù. Àṣé a pọ̀. Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka gbogbo lẹ́tà náà kí n tó mú márùn-ún yìí.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 24 ni mí. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń wo ijó lórí fóònù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣèèṣì rí ibi tí Fred Astaire àti Ginger Rogers ti ń jó nínú fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun kan, ni omi bá bọ́ lójú mi. N kò mọ ìdí rẹ̀. Kí ló wà nínú ijó yẹn tí kò sí nínú tòde òní? *Ọmọbìnrin tó sunkún*

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má tijú ẹkún náà. Padà lọ wo ó, ṣùgbọ́n má wo ojú wọn lọ́tẹ̀ yìí. Etí àwòrán ni kí o wò. Orí Astaire wà lókè, bàtà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ díẹ̀ sì wà lábẹ́ bàtà náà. Bí wọ́n bá ṣí sọ́tùn-ún, kámẹ́rà á tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá padà, á padà. Kò ní fi ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ kó lọ máa wo ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Astaire ló fi dandan lé e. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé nínú òun àti kámẹ́rà, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jó. Fíìmù mẹ́sàn-án ni òun àti Rogers ṣe fún iléeṣẹ́ fíìmù RKO láàárín ọdún 1933 sí 1939, wọ́n sì ṣe ìkẹwàá fún iléeṣẹ́ MGM ní 1949. Nínú wọn, odindi ara ló ń jó lójú wa.

Lójú tèmi, ohun tó pa ọ́ lẹ́kún nìyẹn. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé ijó sí báyìí: ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ọwọ́, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún ìbàdí. Bí oníjó bá ṣìṣe, ẹni tó ń to fíìmù á gé e kúrò, ìwọ ò sì ní mọ̀. Astaire àti Rogers ò ní ibi tí wọ́n lè sá sí. Ènìyàn méjì ni, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nínú èémí kan náà, ara rẹ sì mọ̀ pé wọn ò rẹ́ òun jẹ.

Mú Swing Time, ti ọdún 1936. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fíìmù náà parí, àwọn méjèèjì gbà pé àwọn ti pàdánù ara wọn. Wọn ò tètè jó. Wọ́n ń rìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èjìká wọn wálẹ̀ bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú bọ̀. Bí o ṣe ń wò wọ́n, ìrìn á di ijó lójú rẹ, o ò sì ní mọ ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ yí padà. Mo ti dá a dúró, mo ti dá a padà sẹ́yìn, àìmọye ìgbà. N kò tíì rí ojú rírán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jó gun àtẹ̀gùn, ẹnì kan lọ́tùn-ún, ẹnì kan lósì, tí wọ́n fi pàdé lókè. Ìgbà 47 ni wọ́n ṣe ijó yẹn níwájú kámẹ́rà kí ó tó bọ́ sí i. Ẹsẹ̀ Rogers ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú bàtà. Wá wo ojú obìnrin náà nínú èyí tí wọ́n mú: ìbànújẹ́ ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń lọ nìkan lo máa rí níbẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ fi wọ́n hàn mí. Kì í sọ̀rọ̀ bí fíìmù bá ti ń lọ. Ìka méjì ló máa ń fi lu apá àga rẹ̀, bí ẹsẹ̀ Astaire bá sì dákẹ́, ìka Bàbá náà á dákẹ́, á wà lókè bẹ́ẹ̀, á máa dúró dè é. Ìka yẹn ni mo máa ń rántí kí n tó rántí oníjó kankan.

ÌBÉÈRÈ: Arábìnrin mi, ẹni ọdún 79 ni mí. Nígbà èwe mi, mo wo fíìmù kan tí àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ méjì ti ń fò kọjá lórí ara wọn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń la ẹsẹ̀ balẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní àlá ni mo lá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ wọn. *Bàbá àgbà*

ÌDÁHÙN: Ẹ ò lá àlá, Bàbá mi. Ẹ pe àwọn ọmọ náà jókòó, ẹ ní kí wọ́n wá Stormy Weather, fíìmù ọdún 1943, kí wọ́n lọ sí apá ìparí, níbi tí Cab Calloway ti ń darí ẹgbẹ́ olórin. Àwọn tí ẹ rí ni Fayard àti Harold Nicholas, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gun àárín àwọn olórin lọ, wọ́n ń tẹ orí àwọn àpótí tó wà níwájú àwọn onífèrè láti ọ̀kan dé èkejì, wọ́n bọ́ sórí píánò, wọ́n tún bọ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni àtẹ̀gùn kàn. Ọ̀kan dúró, èkejì fò kọjá lórí orí rẹ̀, ó balẹ̀ sórí àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, ìdí kanlẹ̀. Kí ẹ tó fa èémí sínú, ẹni àkọ́kọ́ ti fò kọjá lórí tirẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ náà fojú sí ọwọ́ wọn bí wọ́n bá ń dìde: wọn kì í fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Itan nìkan ló ń fa odindi ara sókè, aṣọ funfun-ún-dúdú wọn ò sì ní rún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Astaire fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé òun ò tíì rí ijó inú fíìmù tó dára tó o.

Ilé ẹ̀kọ́ ijó kankan ò kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn Standard Theatre, ní Philadelphia, ni àwọn òbí wọn wà. Fayard á jókòó níwájú, á wo àwọn oníjó tó ń kọjá níbẹ̀, á lọ dán an wò nílé, lẹ́yìn náà á wá kọ́ Harold.

Ohun kan wà tí mi ò lè fò kọjá, torí ó ń dùn mí dé òní. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun, àwọn iléeṣẹ́ fíìmù mọ̀ọ́mọ̀ fi ijó wọn sí ibi tí kò kan ìtàn náà rárá, kí àwọn onísinimá ní gúúsù Amẹ́ríkà lè rí i gé dànù. Wọ́n gé e lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bill Robinson náà nìyẹn, oníjó adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bojangles. Nínú The Little Colonel, ní 1935, ó jó gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú Shirley Temple, ọmọ aláwọ̀ funfun, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọkùnrin náà ti lé ní 55, àtẹ̀lé bàtà rẹ̀ sì jẹ́ igi, kò fi irin sí i. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ti ń jó, ìró rẹ̀ mọ́ bí omi tó ń kán. Ó di ọmọdé náà lọ́wọ́ mú bí wọ́n ṣe ń jó. Ọwọ́ tó dìmọ́ ọwọ́ yẹn ni wọn ò fẹ́ kí àwọn ènìyàn gúúsù rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lọ́nà díẹ̀, Bàbá. Ní 1739, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú dìde ní South Carolina, wọ́n ń lu ìlù bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣòfin pé ẹrú kankan ò gbọdọ̀ lu ìlù mọ́. Ìlù bá bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó bọ́ sí itan, ó bọ́ sí gìgísẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1840 sí 1849, ní àdúgbò Five Points ní New York, ijó ẹsẹ̀ àwọn ará Ireland tó ṣí wá ti pàdé ti àwọn adúláwọ̀, wọ́n ń bá ara wọn díje, wọ́n ń jí ẹsẹ̀ ara wọn lò. Ibẹ̀ ni táàpù ti jáde. Ní èdè tiwa, àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya bàtà sọ́tọ̀ kúrò lára bàtá. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló sọ bàtà di bàtá.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Ó ní ìró bàtà inú àwọn fíìmù yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n ń jó, pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti fi kún un. Ṣé òótọ́ ni? Ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú. *Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀*

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Wọ́n ti gba orin sílẹ̀ kí wọ́n tó jó, wọ́n á wá máa lù ú láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí oníjó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí náà ohùn ojú ibẹ̀ kì í mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ya àwòrán tán, oníjó á wọ yàrá kan, á dúró lórí pákó, á máa wo ara rẹ̀ lójú àwòrán, á sì tún gbogbo ẹsẹ̀ náà gbé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Astaire ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Hermes Pan, tí wọ́n jọ ń ṣètò ijó náà, ló ń bá Ginger Rogers lu púpọ̀ nínú tirẹ̀.

Ní tèmi, ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni ọ̀wọ̀ mi fún wọn pọ̀ sí i. Rò ó wò: o jó ijó kan títí ó fi pé, wọ́n wá ní kí o lọ jó o lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí àṣìṣe tó tó ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ojú òǹwòran á mú un.

Lọ wo Astaire àti Eleanor Powell nínú Broadway Melody of 1940, níbi tí wọ́n ti jó sí orin Begin the Beguine. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán bíi dígí. Powell kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀. Bí Astaire bá gbé ẹsẹ̀ kan, òun náà á gbé e. Ibì kan wà tí orin dákẹ́, tó ku ẹsẹ̀ nìkan. Èyí béèrè, ìyẹn dáhùn. Èyí fi kún un, ìyẹn yí i po. Fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí rẹ méjèèjì kí o tó wo ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀? *Olóòótọ́ òǹkàwé*

ÌDÁHÙN: Owó ni. Láyé ìgbà yẹn, iléeṣẹ́ bíi MGM ń san owó oṣù fún oníjó, olórin, aránṣọ àti gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní 1948, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tó mú kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá jọ̀wọ́ àwọn gbọ̀ngàn sinimá tí wọ́n ní. Tẹlifíṣọ̀n náà wọlé wọ yàrá, àwọn ènìyàn jókòó sílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn òṣìṣẹ́ náà ká, ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ni ó sì gbà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin ẹni ọdún 52 ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ jó táàpù. Ṣé kò ti pẹ́ jù báyìí? *Ẹsẹ̀ ń yún mi*

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹni ọdún 55 ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ bàtà onírin. Mo sunkún lọ́jọ́ kẹta, nítorí ọpọlọ mi mọ ohun tí ẹsẹ̀ mi ò lè ṣe. Debbie Reynolds, òṣèrébìnrin Hollywood, náà sunkún. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí wọ́n fi í sáàárín ògbólógbòó oníjó méjì, Gene Kelly àti Donald O'Connor, nínú Singin' in the Rain, fíìmù ọdún 1952. Kì í ṣe oníjó. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé abẹ́ píánò ni òun wà tí òun ń sunkún nígbà tí Astaire bá òun níbẹ̀, ló bá mú òun wọ yàrá tó ti ń fi ijó kọ́ra, ó ní kí òun jókòó kí òun máa wò. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Reynolds rí i bí ó ṣe ń làágùn, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń ṣe ohun kan náà léraléra, tí inú sì ń bí i. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ijó Good Morning, láti òwúrọ̀ títí wọ inú òru ni, ẹsẹ̀ òun náà sì ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin ò ní láti ṣẹ̀jẹ̀ o.

Ẹ má tíì ra bàtà. Ẹ wọ èyí tí àtẹ̀lé rẹ̀ le, ẹ wá ilẹ̀ pákó bí ẹ bá rí i. Sìmẹ́ǹtì á ba orúnkún yín jẹ́. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ òsì, ẹ dẹ orúnkún náà díẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀, kí ọrùn ẹsẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ẹ fi imú bàtà gbá ilẹ̀ lọ síwájú, kí ẹ fi gbá a padà sẹ́yìn. Ìró méjì ni kí ẹ gbọ́, tà-tá, tí kò sí èyí tó pariwo ju èkejì lọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọrùn ẹsẹ̀ yín ló le. Ẹ gbọ̀n ọ́n dẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.