Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ pé aláró ni Ìyá wa

Lẹ́tà: Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá tó bí màmá mi, tí gbogbo ìdílé ń pè ní Ìyá Aláró, papò dà ní Kúdẹtì ní oṣù tó kọjá. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé láti ọmọ ọdún méje títí mo fi wọlé ọkọ. Àbúrò màmá mi ọkùnrin ti fi tiwọn ránṣẹ́ sí mi: wọ́n bí Ìyá ní 1935, wọ́n fẹ́ bàbá wa, wọ́n bí ọmọ márùn-ún, wọ́n kọ́lé, wọ́n joyè nínú ìjọ, ó parí. Kò sí aró níbẹ̀. Kò sí ọkọ tí Ìyá kọ́kọ́ fẹ́, kò sì sí Bàbá Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí fún ọkọ náà. Nígbà tí mo bèèrè, ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ní kí n má fi ìyá àwọn wọ́lẹ̀ lójú àlejò. Ó tún ń dùn mí pé n kò bi Ìyá ní ìbéèrè tó nígbà tí wọ́n wà láyé. Kí ni kí n ṣe? Ọmọ-ọmọ Ìyá Aláró, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn, mo sì bá ọ dúpẹ́ pé Ìyá dàgbà, wọ́n dogbó kí wọ́n tó lọ. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Lẹ́tà rẹ gùn ju èyí tí a tẹ̀ sókè yìí lọ, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ó mú mi lọ́kàn jù ni ibi tí o ti sọ pé Ìyá máa ń ti ìka bọ inú ìkòkò aró, wọn a fi kan orí ahọ́n, wọn a dijú díẹ̀, wọn a sì wí pé, “Kò ì tíì tó,” tàbí “Ó ti tó, ẹ gbé aṣọ wá.” Ṣé ìwọ tí o dúró ti ìkòkò, tí o rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ, ni o ń sọ pé o kò mọ ìyá rẹ tó? Ọmọ tó ń wo ọwọ́ àgbà lójoojúmọ́ ti ń bi àgbà ní ìbéèrè, bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ là. Mú ẹ̀bi yẹn kúrò lọ́rùn ara rẹ.

Nígbà tí ìyá tèmi kú, èmi náà ni mo kọ ìwé wọn. “Abiyamọ tòótọ́,” “ìyá rere,” “olùbẹ̀rù Ọlọ́run” ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ènìyàn sì yìn mí. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ mi obìnrin bi mí léèrè iṣẹ́ tí ìyá mi ṣe, mo sì ní kí ó lọ wo inú ìwé náà. Ó padà wá, ó ní kò sí níbẹ̀. Ìyá tó gbé igbá ẹ̀kọ lórí láti Ìdí Arẹrẹ dé Ọjà Ọba fún ọgbọ̀n ọdún, tí a fi owó ẹ̀kọ rẹ̀ kàwé, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo yọ igbá kúrò lórí rẹ̀, tí mo fi ọ̀rọ̀ tí ó bá òkú gbogbo mu rọ́pò. Ó ṣì ń dùn mí di òní. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà fún ọ pé kí o yọ aró kúrò.

Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni aró. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ. Omi eérú ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń fi rẹ ẹ ní ọjọ́ mélòó kan kí ó tó di ohun tí aṣọ lè wọ̀. Ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ tún nira ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni aláró ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní gba aró, bí aṣọ náà bá sì ti wọlé, tí ó jáde, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, tí ó tún padà wọlé lọ́pọ̀ ìgbà, wọn yóò ha ẹ̀kọ kúrò, àwòrán yóò sì yọ. Aṣọ àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdándùn, tí o sọ pé ó wà nínú àpótí Ìyá, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n yà sí i, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Ẹni tó fi ìyẹ́ adìyẹ gbé Mápó sára aṣọ, ọ̀nà wo ni a fi lè sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ́ ọ nílẹ̀? Mo mọ̀ pé láyé àtijọ́, òrìṣà kan tó ń jẹ́ Ìyá Mápó ni àwọn aláró ń bọ, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ń bẹ̀rù nìyẹn, kí àwọn ará ìjọ má baà fi ojú mìíràn wo Ìyá. Iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá ni ìwọ ń kọ. O kò sọ pé wọ́n bọ ohunkóhun. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán ẹ̀gbọ́n màmá rẹ létí ohun tí o sọ fún mi, pé owó aró ló rán àwọn fúnra wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Má sì fi Omíyalé sílẹ̀. O ní Ìyá ní ìkòkò mẹ́sàn-án lẹ́bàá Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò náà kún bo ilé àti ọjà, nígbà tí omi sì fà, ìkòkò méjì ló ṣẹ́kù. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ẹlòmíràn ì bá jókòó tì. O ní wọ́n fọ ẹrẹ̀ inú méjèèjì, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n rẹ ẹ̀lú. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, má ṣe fi “akíkanjú” kún un.

Ní ti ọdún ìbí, 1935 kò lè jẹ́ òótọ́. Bàbá Ìsẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí o ti wí, wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Nígbà náà, bí ọmọ kò bá ní ìwé ìbí, wọn a ní kí ó gbé ọwọ́ kọjá lórí kí ó fi kan etí kejì, kí wọ́n tó gbà á. Ọmọ bí ọdún mẹ́fà ni yóò jẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n bí i ní nǹkan bí 1949, bí ó bá sì jẹ́ 1935 ni wọ́n bí ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló bí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá fúnra wọn máa ń sọ pé ẹ̀yìn ni wọ́n pọn àwọn sí nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó, 1929 sì ni wọ́n ṣí i. Kọ “ní nǹkan bí 1928.”

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìsẹ́yìn ni mo fẹ́ kí o dúró lé lórí jù lọ. Ọmọ mẹ́fà ni Ìyá bí, òun sì ni àkọ́bí. Ipò rẹ̀ ni kí orúkọ rẹ̀ wà, lókè gbogbo wọn. Ní ti ọkọ àkọ́kọ́, gbólóhùn kan ti tó: pé Ìyá kọ́kọ́ ṣe ìyàwó ní Ìsẹ́yìn, wọ́n bí ọmọkùnrin kan níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sí Ìbàdàn. Ohun tó tú ilé náà ká kò kan àlejò. Kúnlẹ̀ fún àbúrò màmá rẹ kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé, kí o kà á sí etí wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ délẹ̀, Mọ́gàjí ilé yín wà. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́rùn rẹ̀.

Bẹ àwọn ìyàwó ilé tó jẹ́ àgbà pé kí wọ́n ki oríkì Ìyá fún ọ, kí o sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ láìgé e kúrú. Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́, lọ sí Ìsẹ́yìn ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí o mú aṣọ Ìbàdándùn náà dání. O ní Bàbá Ìsẹ́yìn ló máa ń po ẹ̀kọ fún Ìyá ní kékeré. Tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ níwájú wọn, kí o jẹ́ kí wọ́n fi ìka tọ àwọn òpó náà.