Àwòrán ta ni kí o gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́?

Àbúrò, o ní o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ológeere ní Iléṣà, o sì ń béèrè bóyá kí o lo àwòrán àwọn òyìnbó tí àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ wọlé máa ń fún èèyàn. Má lò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta tòkunbọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ojú mi ti rí i.

Nígbà tí irú ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà mi, àwọn ọmọ yunifásítì á wò ó, wọ́n á ní, "Eré òyìnbó," wọ́n á kọjá. Àwọn obìnrin kì í tilẹ̀ yà. Wọn ò béèrè iye rí, ká tó wá sọ pé owó ló lé wọn. Ìgbà tí mo gbé àwòrán nọ́ọ̀sì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ síbẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: "Èló ni irú ti nọ́ọ̀sì yẹn? Ṣé irun dídì á gba abẹ́ akoto?" Ìbéèrè irun yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ṣùkú tó ga ò ní jẹ́ kí akoto jókòó, kòlẹ́sẹ̀ á jẹ́. Ya ẹni tó di irun, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Má gbé aláwọ̀ dúdú síwájú ògiri funfun, fóònù á sọ ojú ẹ̀ di òkùnkùn. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí o yà á, kí o fìka tẹ ojú ẹ̀ lórí fóònù kí ìmọ́lẹ̀ lè bá a.

Ta ló ní eré òyìnbó ni? Major Taylor, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ti borí gbogbo ayé nínú eré kẹ̀kẹ́ lọ́dún 1899. Biniam Girmay ọmọ Eritrea borí ní ìpele mẹ́ta, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tí máàkì ẹ̀ pọ̀ jù, ní Tour de France 2024, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún yẹn kan náà, Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tiwa, yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kó tó lè sáré kẹ̀kẹ́ orí pápá ní Òlíḿpíìkì. Ohun tó ń dùn mí ni pé aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ gba ife kí ìpolówó tó rántí ẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún lọ sọ́jà ńkọ́?

Iléṣà kún fún òkè. Ya ẹni tó fi jíà kékeré ń gun òkè náà, kí wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kó o tó gbé e síta, kó o sì sanwó fún un.