Ẹ Bi Mí Nípa Sinimá: Kí Ló Dé Tí Ọlọ́pàá Ò Tètè Mú Takeuchi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo wo High and Low, fíìmù tí Akira Kurosawa ṣe ní Japan lọ́dún 1963, inú ṣì ń bí mi. Gbọ́mọgbọ́mọ kan pe Gondo, ọ̀gá nílé-iṣẹ́ bàtà, pé òun ti gbé ọmọ rẹ̀, kó wá san mílíọ̀nù 30 yẹ́ẹ̀nì. Àṣé ọmọ dírẹ́bà Gondo ló ṣì gbé. Gondo san owó, ọmọ padà délé. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá mọ ẹni tó ṣe é, Takeuchi, wọ́n mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò mú un. Wọ́n ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri títí ó fi pa obìnrin kan. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn? Àti pé kí ló dé tó jẹ́ pálọ̀ kan ṣoṣo la ń wò fún bíi wákàtí kan?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jẹ́ n ti ìdí pálọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Orí òkè ni ilé Gondo wà ní Yokohama, gíláàsì ńláńlá ni wọ́n fi ṣe ojú pálọ̀ náà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń rí i ketekete. Ìsàlẹ̀ yẹn ni Takeuchi ń gbé, dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, nínú yàrá kótópó tí òtútù ń pa á nígbà òtútù, tí ooru ò jẹ́ kó sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó pè lórí fóònù, tó ń fi kọ́tìnnì tí wọ́n fà bo fèrèsé ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n mọ̀ pé ojú rẹ̀ wà lára àwọn. Kurosawa há wa mọ́bẹ̀ kí àwa náà lè mọ̀ bó ṣe rí kí ènìyàn máa ṣọ́ni. Gondo ti fi gbogbo ohun tó ní dúró, títí kan ilé, kó lè rí mílíọ̀nù 50 ra ìpín tí yóò sọ ilé-iṣẹ́ náà di tirẹ̀. Bó bá san owó ìràpadà, ó tán fún un. Aoki dírẹ́bà ń bẹ̀ ẹ́, ìyàwó ń bẹ̀ ẹ́, àwọn ọlọ́pàá sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo ilẹ̀. Ta ló fẹ́ kúrò nínú irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀?

Èmi kọ́ṣẹ́ télọ̀ kí n tó máa kọ̀wé nípa sinimá, ọwọ́ ni mo máa ń wò kí n tó wo ojú. Ọlọ́pàá fẹ́ fi oògùn kan pa mọ́ sínú àpò tí owó máa wà: bí wọ́n bá jó àpò náà, èéfín rẹ̀ á ní àwọ̀. Kí ni Gondo ṣe? Ó gbé àpótí irinṣẹ́ tó ti ń lò látìgbà tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ aránbàtà, ó jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Toshiro Mifune, tó ṣe Gondo, tó ń pariwo látòwúrọ̀, kò pariwo mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé òṣèré ni.

Ó wá ku obìnrin yẹn. Lójijì, nínú fíìmù tó jẹ́ dúdú àti funfun látòkè délẹ̀, èéfín pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ yọ láti ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí ọsibítù. Takeuchi ti jó àpò owó náà, ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Tokura, ọ̀gá ọlọ́pàá tí Tatsuya Nakadai ṣe, ní bí àwọn bá mú un fún ìjínigbé nìkan, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ló pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ Takeuchi ti fi oògùn olóró hẹ́róìnì tó le jù pa tọkọtaya tó bá a ṣiṣẹ́ ibi náà. Ìpànìyàn ni wọ́n fẹ́ kà sí i lọ́rùn. Wọ́n bo ikú àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà èké bí ẹni pé àwọn òkú ló kọ ọ́, pé àwọn tún fẹ́ oògùn. Takeuchi lọ ra òmíràn, ó wá lọ dán an wò lára obìnrin kan ní kọ̀rọ̀ tí àwọn tí oògùn ti bà jẹ́ máa ń wà. Obìnrin náà kú.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ọlọ́pàá ò mọ̀ pé yóò dán an wò. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá tú ajá sílẹ̀ kó lè mọ ibi tó ń lọ, òun ni yóò dáhùn fún ẹni tí ajá náà bá bù jẹ. A ò tilẹ̀ mọ orúkọ obìnrin náà. Gbogbo ìlú ń yin Gondo nínú ìwé ìròyìn, ta ló bèèrè òun? Mo rò pé Kurosawa mọ ohun tó ń ṣe, ó kàn kọ̀ láti fi orin arò tọ́ka sí i fún wa.

Ti òfin yẹn, kì í ṣe àròsọ. Oṣù Kẹta 1963 ni fíìmù náà jáde. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n jí ọmọ ọdún 4 kan gbé ní Tokyo, wọ́n gba owó ìràpadà, wọ́n sì ti pa á. Lọ́dún 1964, Japan fi ẹ̀ṣẹ̀ jíjí ènìyàn gbé nítorí owó sínú ìwé òfin lọ́tọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére wà nínú ìjìyà rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èwo ni kí n wò tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n?

ÌDÁHÙN: Stray Dog, ti Kurosawa kan náà, 1949. Wọ́n jí ìbọn Murakami, ọ̀dọ́mọdé ọtẹlẹ̀múyẹ́, nínú bọ́ọ̀sì. Ọta 7 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo èyí tí olè bá yìn ló ń ka Murakami láyà. Ológun tó padà láti ojú ogun ni Murakami àti olè náà, wọ́n sì ti jí àpò ẹrù àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. Ooru mú débi pé òógùn ò gbẹ lára ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Má ṣe wò ó nígbà tí oorun bá ń kùn ọ́: ibì kan wà tí Murakami ń rìn kiri ọjà fàyàwọ́ láìsọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sùn lọ níbẹ̀.