Ọmọ mi ń kó ọ̀rọ̀ Òyìnbó àtijọ́ nípa ihò jọ, ṣé kí n dá a dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Croydon níbí là ń gbé, sùkúù prámárì lọmọ mi ọkùnrin wà. Tíṣà wọn kọ́ wọn ní Òyìnbó ayé àtijọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ihò àti kòtò, ó wá gbé e karí. Hol, cofa, denn, scræf, kò sí èyí tí kò mọ̀. Bá a bá wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ dé Holborn, á ní odò inú kòtò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, á ní denu, àfonífojì, ló wà nídìí orúkọ Croydon tiwa. Ṣùgbọ́n tí ìyá ìyá ẹ̀ bá pè, "ẹ káàárọ̀" ni, kódà lálẹ́. Ṣé kí n gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ ná?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìwé kankan lọ́wọ́ ọmọ. Nottingham lèmi ń gbé, ìlú tó jókòó sórí ihò, èyí tí wọ́n ti rí lábẹ́ ẹ̀ lé ní 800, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ sínú òkúta rírọ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ibẹ̀ làwọn èèyàn ń sá sí tí bọ́ǹbù bá ń bọ̀. Asser, bíṣọ́ọ̀bù ará Wales, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 893 pé ilé ihò lorúkọ ìlú náà lédè tiwọn. Sùkúù kó ọmọ mi obìnrin lọ wò ó, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Scræf yẹn ló wọ̀ ọ́ lára jù, torí ó ti kú lẹ́nu wọn, cave tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Faransé ni wọ́n ń pè báyìí. Ewì àtijọ́ kan wà nínú ìwé tí wọ́n tọ́jú sí Exeter, obìnrin kan ló ń sunkún nínú ẹ̀, kò lẹ́bí nítòsí, ó ń dá gbé nínú eorðscræf, ihò inú ilẹ̀, lábẹ́ igi óákù. Ọmọ mi há gbogbo ẹ̀ sórí.

A wá lọ sílé ní họ́lídè, ìyá mi mú un gun Olúmọ. Nínú ihò tí wọ́n sá sí nígbà ogun, ìyá mi ń fi kòtò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ hàn án, ó ń sọ ohun tí ìyá tiẹ̀ sọ fún un. Ọmọ náà ń sọ tiẹ̀ lÓyìnbó, obìnrin abẹ́ igi óákù, ojú ẹ̀ ń dán, ó di màmá mi lápá mú. Ọ̀rọ̀ kan náà làwọn méjèèjì ń sọ o! Mò ń túmọ̀ síwá, mò ń túmọ̀ sẹ́yìn, òógùn bò mí, nígbà tó yá ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀, kò gbọ́ mi." Ìyẹn yé ọmọ yẹn. Látìgbà náà, bí ìyá mi bá pè, á na fóònù padà sí mi, á ní kí n bá òun kí wọn. Ìyá mi náà ò bèèrè ẹ̀ mọ́, "ṣé dáadáa lọmọ wà" ló kù. Títí dòní, tí fóònù bá ti dún, àyà mi á já.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé a ò gbìyànjú. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà tó kéré, ó ti sùn kí n tó jáde, ó ti lọ sí sùkúù kí n tó wọlé, tíṣà nọ́sìrì ló sì ní ká fi èdè kan ṣoṣo bá a sọ̀rọ̀ kórí ẹ̀ má bàa dàrú. Kí la fẹ́ ṣe? Ilé fẹ́ owó.

Ohun tó ń kó jọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi mú un. Ẹ lẹ bébà mọ́ ògiri, tó bá kọ hol, kó kọ ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tó bá kọ denn, kó kọ ibùba. Kòtò, ọ̀gbun, ìsà, kọ̀rọ̀, kàǹga, a ní gbogbo ẹ̀, wọn ò sì jọra. Bẹ́ ẹ ṣe máa mú un látibẹ̀ dórí kó sọ gbólóhùn tó gún, ẹ bi àwọn tí ọmọ tiwọn ń sọ ọ́. Ọmọ mi ti ń múra yunifásítì báyìí, Òyìnbó àtijọ́ yẹn ló fẹ́ kà, inú mi sì dùn sí i gan-an, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá ìyá ọmọ tiyín ṣì ń pè. Tó bá tún pè, ẹ gbé fóònù fún un, kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe ibi tí òkété ń gbé, kẹ́ ẹ sì jáde nínú yàrá yẹn, kẹ́ ẹ má bá wọn túmọ̀ nǹkan kan.